Bí mo ṣe fọwọ́ kọ biáng

Ó pẹ́ tí mo ti ń wo biáng, àmì ìkọ̀wé Ṣáínà kan, lórí fóònù kí n tó gbìyànjú àtikọ ọ́: 𰻞. Bó bá jẹ́ àpótí òfìfo lo rí, fóònù rẹ ò tíì dá a mọ̀ ni. Ọdún 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún àwọn àmì tí kọ̀ǹpútà mọ̀. Orúkọ núdù kan ní Xi'an, ní ìpínlẹ̀ Shaanxi ní Ṣáínà, ni wọ́n ń fi í kọ. Núdù ọ̀hún fẹ̀ bí ìgbànú, ata àti òróró gbígbóná ni wọ́n ń dà lé e.

Mo kọ́kọ́ tú u palẹ̀. Ihò (穴) wà lókè pátápátá. Ọ̀rọ̀ (言) tẹ̀lé e, láàárín "kékeré" (幺) méjì. Lẹ́yìn náà ẹṣin (馬), láàárín "gígùn" (長) méjì. Òṣùpá (月), ọkàn (心) àti ọ̀bẹ (刂) wà nísàlẹ̀, ìrìn (辶) sì gbé gbogbo wọn. Mo ka ìlà rẹ̀, ó jẹ́ 58.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹṣin gba gbogbo àyè, ọkàn ò ríbi dúró sí. Mo wá mú ìwé ìṣirò onígun mẹ́rin, mo fi pẹ́ńsù pín àyè náà sí ìpele mẹ́rin, mo sì fi apá òsì àti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ìrìn, torí òun la ń kọ kẹ́yìn. Ẹṣin gbọ́dọ̀ tín-ín-rín. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Mo rò pé ẹṣin, ọkàn àti ọ̀bẹ á jọ pa ìtàn kan. Kò sí. Ohun táwọn èèyàn sábà máa ń sọ ni pé ìró fúláwà pípò ni biáng, bí wọ́n bá ń nà án mọ́ tábìlì. Inú mi dùn sí i gan-an, nítorí àwa tá à ń sọ pé nǹkan já lulẹ̀ gbì, ta ló ń bi wá ní ìtumọ̀ gbì? Ti 𪚥, àmì Ṣáínà mìíràn, yàtọ̀: drágónì mẹ́rin, ìlà 64, aláròyé ló túmọ̀ sí.

Ìgbà kẹtàdínlógún ni ọkàn tó jókòó dáadáa lábẹ́ ẹṣin. Mo tún un kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́, torí biangbiang ni núdù náà ń jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì.