Bí a ṣe ń tún àwọn àṣàyàn inú dropdown ṣe lórí Jira

Ó tó oṣù mẹ́ta tí “Abekuta” fi wà nínú dropdown tí a fi ń yan ẹ̀ka lórí Jira, app tí a fi ń tọpa iṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa. Gbogbo wa là ń rí i, gbogbo wa là ń fi í ṣẹ̀rín, àfi bíi pé ẹni tó máa tún un ṣe kò tíì délé ayé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni o, bí ẹ bá mọ bọ́tìnì tó yẹ kí ẹ tẹ̀.

Jira admin ló ń ṣe é. Bí ẹ kì í bá ṣe admin, ẹ bẹ ẹni tó jẹ́ ẹ.

Ẹ tẹ àmì tó dà bí jíà lókè, ẹ yan Issues. Work items ni Jira tuntun ń pè é báyìí. Ẹ lọ sí Custom fields, ẹ wá field yín (àyè tí dropdown náà wà), ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yan Contexts and default value. Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Field kan ṣoṣo lè ní context méjì, kí project kan máa rí àṣàyàn ọ̀tọ̀, kí èkejì máa rí tirẹ̀. Ẹ wo èyí tó jẹ́ ti project yín, kí ẹ tó tẹ Edit options, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó tún un ṣe tán, wọn ó ní àwọn ò rí nǹkan kan.

Àṣìṣe lẹ́tà ni? Ẹ ṣe edit, ó parí. Ṣùgbọ́n edit máa ń yí orúkọ náà padà lórí gbogbo issue (iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a kọ sórí Jira) tó ti lò ó rí, títí kan èyí tí ẹ ti parí lọ́dún tó kọjá. Nítorí náà, bí ẹ̀ka Yaba bá kó lọ sí Surulere, ẹ má fi Surulere rọ́pò Yaba. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Yaba ló máa dà bíi pé Surulere ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ fi Surulere kún un, kí ẹ sì tẹ Disable fún Yaba: kò ní yọjú fún issue tuntun mọ́, àmọ́ ti àtijọ́ ò ní kúrò níbi tó wà. Bí Yaba bá jẹ́ default (èyí tí Jira máa ń yàn fúnra rẹ̀), ẹ yí default padà ná.

Delete ni mo ń bẹ̀rù. Ó máa ń nu àṣàyàn náà kúrò lára gbogbo issue tó ní i. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo máa ń wá a báyìí pẹ̀lú JQL, èdè ìṣàwárí Jira:

"Ẹ̀ka" = "Yaba"

Bí kò bá jẹ́ 0 ni mo rí, disable ni mo máa ṣe.

Lẹ́yìn edit, ẹ yẹ filter yín (ìṣàwárí tí ẹ ti tọ́jú pa mọ́) wò. Ọjọ́ tí mo sọ “Abekuta” di “Abeokuta”, ìròyìn tí ọ̀gá máa ń kà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò ṣí mọ́: “Abekuta” ni ẹni tó kọ filter náà kọ sínú rẹ̀.