Bí a ṣe lè dúró ti onírú àdúgbò wa kí magí má bàa gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀

Kì í ṣe pé irú ò dùn ni kò fi tà. Magí ló wà ní gbogbo ìsọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni èèyàn lè rà, alágbàtà sì lè kó o láwìn. Adùn nìkan ò lè bá ìyẹn jà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìyá onírú tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo ní Benin) ṣì wà nídìí àtẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mìíì, ẹ wá a ní oníbàárà tó dájú àti owó tó tètè dé. Àánú ò ra igi ìdáná.

Ẹ yan onírú kan, kí ẹ yẹ irú rẹ̀ wò. Ẹ fi ìka méjì tẹ wóró kan: èyí tó dára máa ń rọ̀, á sì fà díẹ̀ bí ilá. Èyí tó le ò jinná nígbà àkọ́sè, tó máa ń gba ọ̀sán kan àti òru kan lórí iná. Ẹ wá da ṣíbí kan sínú omi nínú àwo funfun, ẹ rò ó, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Iyanrìn tó bá sọ̀ síbẹ̀, ibi tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ ló ti wá. Ẹ má torí ẹ̀ sá lọ. Ẹ ní kí ìyá fi omi kan kún ìfọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá ń ta mọ́ni nímú bí ìtọ̀ ti pẹ́ jù nínú agbọ̀n. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó o.

Ẹ kó ilé mẹ́wàá jọ bí ìgbà tí ẹ ń dá èésú. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà Àjárá lẹ́bàá Àjàṣẹ́, ẹ fi ṣe ọjọ́ gbígbà. Ká ní agolo mílíìkì kan jẹ́ 300 fáránkì: agolo mẹ́wàá, 3,000. Ẹ fi 1,500 ránṣẹ́ sórí MoMo (àpò owó orí fóònù) ìyá lọ́jọ́ tí ẹ bá béèrè, kí ẹ san ìyókù bó bá gbé e dé. "Màá san án lọ́la" ló máa ń tú irú ẹgbẹ́ yìí ká. Ẹni tó bá jẹ gbèsè lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ilé mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Àsìkò èso ló ṣe pàtàkì jù. Igi igbá, tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, pọ̀ ní apá Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni wọ́n ń kórè rẹ̀, ìgbà yẹn ni èso sì dínwó. Onírú tí kò lówó nígbà náà á máa ra díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀wọ́n nígbà òjò, á fowó kún irú, ilé yín á sì padà sí magí. Nítorí náà, ní oṣù kẹrin, kí ilé kọ̀ọ̀kan yá a ní 1,800 láìsí èlé, àpapọ̀ 18,000. Lẹ́yìn ìyẹn, 150 ni kí ẹ máa san lórí agolo dípò 300, fún ọjà méjìlá. Ẹ má ṣe gba agolo lọ́fẹ̀ẹ́ títí gbèsè á fi tán: ẹ ti gba owó igi nìyẹn, iṣẹ́ á sì dúró. Kí èso gbẹ dáadáa kó tó wọ àpò, kí àpò sì wà lórí pákó, torí ọ̀rinrin ilẹ̀ àti kòkòrò.

Ní ti ìsọ̀, kí ìyá fi ewé eéran di irú ní ìdì 50 fáránkì. Kí olówò gbà á ní 40, kó sì san án lọ́jà tó ń bọ̀. Ogún ìdì tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò bá tà, kí ìyá gbà á padà, kó sá a gbẹ. Láwìn tí magí ń ṣe, ẹ̀yin náà ti ṣe é. (Ní ti láílọ́ọ̀nù, òfin Benin ti 2017 ti fòfin de èyí tí kì í jẹrà.)

Ó ku ìkòkò. Fún ọbẹ̀ èèyàn mẹ́fà, ẹ fọ ṣíbí ọbẹ̀ méjì irú, kí ẹ dà á sínú epo gbígbóná pẹ̀lú àlùbọ́sà kí ata tó wọlé; bó bá jẹ́ ìparí ni ẹ dà á, òórùn rẹ̀ ò ní rọ̀. Ẹ fi iyọ̀ kún un, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú magí, irú ò sì fi bẹ́ẹ̀ ní in. Bí àwọn ọmọ bá ń yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ẹ lọ irú náà kúnná, kí ẹ fi ìdajì magí sí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́sẹ̀ kejì.