Pọ́ńtúùn lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́: ibi ìjókòó, ibi ẹrù, àti bí àga onítáyà ṣe máa wọlé

Mo kó àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ ti bi mí lórí ọkọ̀ pọ́ńtúùn jọ síbí, torí ohun kan náà ló ń dààmú ọ̀pọ̀ nínú yín. Fún ẹni tí kò rí i rí, ọkọ̀ pẹlẹbẹ ni, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú bíi pálọ̀, páìpù alúmíníọ̀mù ràgàjì méjì tàbí mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn ló gbé e sórí omi, irin ààbò sì yí i ká. Kì í rì wọlẹ̀ púpọ̀, ìyẹn ló fi bá ọ̀sà wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yìí mu, ẹ̀yin náà mọ bí omi ṣe máa ń fà tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa ò lè fẹsẹ̀ rìn mọ́ látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú wọn, àga onítáyà ni wọ́n ń lò. A fẹ́ ra pọ́ńtúùn kan tí wọ́n ti lò rí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti máa kó o wá, ká lè máa gbé Bàbá lọ kí àwọn ẹbí wọn ní Aguégués. Ẹni tó ń tà á fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ló rẹwà. Ọ̀kan ní àga gígùn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan ní àga ńlá tó yí ẹ̀yìn ká pẹ̀lú méjì gígùn níwájú, ìkẹta jẹ́ ti àwọn apẹja, àga kéékèèké tó ń yí ló wà níwájú ẹ̀. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ fi fóòmù àti àwọ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ ní kí ẹni yẹn fi téèpù wọn ẹnu géètì, kó ya fọ́tò téèpù yẹn ránṣẹ́, kì í ṣe kó fẹnu lásán sọ ọ́ o. Àga onítáyà àgbàlagbà máa ń fẹ̀ tó 60 sí 70 sẹ̀ǹtímítà, ìgúnpá àti ìka ẹni tó jókòó sínú ẹ̀ ò sì sí nínú ìṣirò yẹn. Ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà fún ilẹ̀kùn tí àga onítáyà máa gbà ni pé kò gbọ́dọ̀ dín ní 81 sẹ̀ǹtímítà. Géètì tí kò ju 70 lọ máa gba àga náà lóòótọ́, ẹ máa yọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ ìka Bàbá ló máa san owó ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti rí géètì tó dáa, ẹ wá wo ilẹ̀ inú, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ pọ́ńtúùn wọn kì í fẹ̀ ju bíi 2.6 mítà lọ torí pé lójú títì lọ́hùn-ún, èyí tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ máa gba ìwé àṣẹ kí mọ́tò tó lè fà á. Ẹ yọ irin ààbò àti etí ọkọ̀ kúrò, ó ku bíi 2.4. Tí àga gígùn kan bá wà lọ́tùn-ún, òmíràn lósì, tí ìkọ̀ọ̀kan sì gba 70 sẹ̀ǹtímítà, mítà kan péré ló kù láàárín. Àga Bàbá máa kọjá níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè yí, wọ́n á kojú síwájú wọlé, wọ́n á tún wá fi ẹ̀yìn jáde, ẹnì kan á máa pariwo "ẹ rọra, ẹ rọra" láti ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ Bàbá yín kì í ṣe ẹrù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yọ ẹyọ àga gígùn kan ṣoṣo níwájú, ní ẹ̀gbẹ́ tí géètì wà, mítà kan yẹn á di 1.7. Àga onítáyà kò nílò ju nǹkan bíi 1.5 lọ láti yí po pátápátá. Nítorí náà èyí tó jẹ́ ti apẹja ni kẹ́ ẹ mú, torí orí òpó kékeré làwọn àga ẹ̀ dúró lé, ẹ̀ẹ́ kàn tú wọn kúrò lórí òpó ni, nígbà tó jẹ́ pé àga gígùn, wọ́n máa ń fi bóòtù dè é mọ́ ilẹ̀ látìsàlẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni láti tú u, ihò á sì kù sílẹ̀ tí omi á máa gbà wọnú pákó. Àyè tí kò sí àga yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ṣòfò. Ibẹ̀ làwọn ọmọ máa jókòó sórí ẹní, ibẹ̀ lẹ máa gbé agbọ̀n sí lọ́jọ́ tí Bàbá ò bá bá yín lọ.

Ìbéèrè: Géètì wà níwájú, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà. Ibo ni ká máa gbé Màmá gbà?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbẹ́. Tí ọkọ̀ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ mọ́ èbúté, ẹ lè fi okùn iwájú àti ti ẹ̀yìn dè é kó má lè sún kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ iwájú, gbogbo èèyàn ló máa rọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń ti Màmá, àwọn tó fẹ́ wòran, ẹni tó mú okùn dání, imú ọkọ̀ á tẹ̀ wálẹ̀, ọkọ̀ á sì fà sẹ́yìn díẹ̀, àlàfo á là lásìkò tí táyà kékeré iwájú àga wà lójú ẹ̀ gan-an. Táyà kékeré yẹn ló máa ń kó sí àlàfo. Bí àlàfo bá wà tẹ́ ẹ ò rí nǹkan ṣe sí i, ẹ yí àga padà kí táyà ńlá kọ́kọ́ kọjá, kí ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ tó di ẹ̀yìn àga mú, kí ẹnì kejì wà lórí èbúté níwájú Màmá. Ẹ tún tẹ ìsàlẹ̀ géètì wò: àwọn kan ní irin tó ga bí ìka méjì níbẹ̀, ó tó dá àga dúró gbọnin. Káfíńtà á fi pákó kan rẹ́ ẹ sílẹ̀ fún yín, ó máa dà gẹ̀rẹ́, ó parí.

Ìbéèrè: Lóṣù Kẹta, ilẹ̀ ọkọ̀ àti èbúté wa dọ́gba, inú wa dùn. Ìgbà tí omi odò Ouémé dé, ọkọ̀ ti ga ju èbúté lọ, a wá ń gbé Bàbá tàga-tàga bí wọ́n ṣe ń gbé òkúta. Kí la ṣe sí i?

Ìdáhùn: Ìyẹn, ọkọ̀ ò jẹ̀bi. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti Ouémé jọ so kọ́ra ni, tí odò bá ti kún látinú oṣù Kẹjọ, tó wá le jù ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, kò sí pákó ìdagẹ̀rẹ́ tí àga máa gbà wọlé, tẹ́ ẹ wọ̀n lóṣù Kẹta, tó máa bá a mu. Ẹ wo ìṣirò ẹ̀: fún àga onítáyà, gbogbo sẹ̀ǹtímítà kan tí ibì kan bá ga ju ibì kan lọ, ẹ máa fún un ní sẹ̀ǹtímítà 12 ìrìn. 30 sẹ̀ǹtímítà á gba pákó tó gùn ní 3.6 mítà. Tó bá tó 60, mítà 7.2 lẹ ń sọ yẹn, pákó ti ń gùn tó ọkọ̀ fúnra ẹ̀!

Èbúté tó ń léfòó ni kẹ́ ẹ ṣe. Àgbá 200 lítà tí wọ́n fi ń kó epo wá, tí ẹnu rẹ̀ dé dáadáa, tí omi ò wọ inú ẹ̀, máa gbé bíi 200 kílò kó tó rì tán (lítà omi kan, kílò kan), àmọ́ ẹ má lò ju ìdajì lọ. Àgbá mẹ́jọ, 1600 kílò, ẹ pè é ní 800, kẹ́ ẹ wá yọ ìwúwo pákó àti irin kúrò nínú ẹ̀. Ẹ gún òpó méjì mọ́ ilẹ̀, kí òrùka irin di èbúté mọ́ wọn, kó lè máa gòkè máa sọ̀ pẹ̀lú omi. Ọkọ̀ náà ń léfòó, èbúté ń léfòó, àwọn méjèèjì á jọ máa ga ni. Afárá kékeré tó so èbúté mọ́ bèbè nìkan ló máa yí ìdagẹ̀rẹ́ ẹ̀ padà, ẹ fi irin tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn sí orí ẹ̀ ní bèbè, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gùn dáadáa. Kẹ́ ẹ sì máa tú jasẹ́ǹtì kúrò, ewé tó ń léfòó lórí omi yẹn, ó máa ń dé pẹ̀lú omi odò tí kò níyọ̀, ó máa há sábẹ́ àgbá, á tún wé mọ́ fánù ẹ́ńjìnì. Òfin 2017-06 ti wà nílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ fún ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara láti 2017, àwọn èbúté tí mo máa ń lò ò tíì gbọ́ ọ ni.

Ìbéèrè: Àwa ò ra ti òyìnbó o. Súdọ̀ kan, ẹni tó ń jó irin pọ̀, ló bá wa fi àgbá irin ṣe ọkọ̀, ó gbé pákó lé e, ó dáa. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti yí àga wọn wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ á tẹ̀ sápá kan, ẹ̀rù á máa ba gbogbo èèyàn. Ṣé ká fi àgbá kún un ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra àgbá. Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wò ó nígbà tí kò sẹ́ni nínú ọkọ̀: ṣé ó dọ́gba? Tí apá kan bá ti wálẹ̀ láìsí ẹrù, omi ti wọ àgbá kan nìyẹn. Ẹ fi igi kan àwọn àgbá lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ń dún gbì-gbì nígbà tí àwọn tó kù ń dún gbọ̀ọ̀n, òun ni. Ẹ fà á jáde, ẹ da omi inú ẹ̀ nù, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ló máa ń là, tàbí ìdérí.

Tó bá dọ́gba lófìfo, bí àwọn ìlà àgbá ṣe sún mọ́ ara wọn jù lábẹ́ pákó ló fà á. Súdọ̀ máa ń fẹ́ tọ́jú irin, á wá kó àgbá sáàárín, pákó á yọ síta lọ́tùn-ún lósì láìsí nǹkan lábẹ́ ẹ̀, èèyàn pẹ̀lú àga á wá gun orí etí yẹn. Ẹ ní kó gbé ìlà àgbá kọ̀ọ̀kan sún síta títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí pákó dọ́gba. Àgbá kan náà ni o, ẹ ò fi ọ̀kan kún un, ẹ̀ẹ́ sì rí ìyàtọ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ máa de ọkọ̀ mọ́ èbúté típẹ́típẹ́, kí ẹni méjì tó tóbi dúró lápá kejì nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá ń wọlé, kí ẹ̀gbọ́n sì lọ tààrà sí àárín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ torí àgbá. Bí pọ́ńtúùn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láwọn ọdún 1950 ní Minnesota, Ambrose Weeres jó àgbá irin pọ̀ ní ìlà méjì, ó gbé pákó lé e.

Ìbéèrè: Ẹrù ńkọ́? Àyè abẹ́ àga wà, mo rò pé gbogbo nǹkan ló lè wọ ibẹ̀.

Ìdáhùn: Gbogbo nǹkan kọ́. Gílẹ̀, aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì yẹn, kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìdí ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n tò wọ́n sí abẹ́ àga ẹ̀yìn dáadáa, ìyá mẹ́rin jókòó lé wọn lórí pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lẹ́sẹ̀, ta ló máa ní kí wọ́n dìde nígbà tí omi bá ń wọlé? Ẹ wọ̀ ọ́ sọ́rùn kẹ́ ẹ tó kúrò ní èbúté, tó bá ṣẹ́ kù, ẹ gbé e kọ́ irin ààbò.

Epo náà kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ àga tó ní ìdérí. Èéfín epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí, iná kékeré kan látara wáyà bátìrì ti tó. Ìdí ọkọ̀ ni, ní gbangba, kẹ́ ẹ so ó mọ́lẹ̀, kó jẹ́ bídọ́ọ̀nù gidi tí wọ́n ṣe fún epo. Àwọn tó ń gbé kpayo, epo fàyàwọ́ yẹn, wọnú ọkọ̀ nínú ìgò ńlá onígíláàsì yẹn, Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn ni jàre.

Ohun tó wúwo, bí ìdákọ̀ró, bátìrì, kúlà, ẹ pín wọn sọ́tùn-ún sósì. Apá tí àga onítáyà máa ń dúró sí, ẹ jẹ́ kí ẹrù fúyẹ́ níbẹ̀. Okùn, ẹ gbé e sítòsí géètì, òun lẹ máa kọ́kọ́ wá. Àwọn ọkọ̀ onípáìpù mẹ́ta kan ní ihò ẹrù nínú ilẹ̀ láàárín, ó dáa fún nǹkan gígùn bí ọ̀pá ìwàkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdérí ẹ̀ bóyá ó yọrí sókè, torí ojú ọ̀nà àga ló sábà máa ń wà.

Ìbéèrè: Ṣé ká fi bẹ́líìtì de Ìyá mọ́ àga wọn kí wọ́n má baà ṣubú?

Ìdáhùn: Rárá o! Ẹ de àga mọ́ ọkọ̀, ẹ má de èèyàn mọ́ àga. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹni tí wọ́n dè mọ́ irin á bá irin lọ. Gílẹ̀ lára, bẹ́líìtì ṣíṣí. Ti àga, okùn pẹlẹbẹ mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ férémù rẹ̀ (kì í ṣe ara táyà) sí òrùka irin nínú ilẹ̀ ọkọ̀, kó jẹ́ irú tí wọ́n fi ọwọ́ kan tú, bíréèkì nìkan ò tó. Ẹni tó bá lè dìde díẹ̀, ẹ gbé e sórí àga ọkọ̀ fúnra ẹ̀, ó sàn jù.

Ìbéèrè: Kápẹ́ẹ̀tì àbí rọ́bà nílẹ̀?

Ìdáhùn: Rọ́bà. Kápẹ́ẹ̀tì ń mu omi, ó ń rùn, táyà ò sì yí lórí ẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi ń lo èyí tó ní bátìrì, tó ń dá rìn. Páìpù méjì tó àbí mẹ́ta?

Ìdáhùn: Ẹ gbé àga yẹn lórí ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó dá sí ohunkóhun, torí èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tì kì í ju 15 sí 20 kílò lọ, oníbátìrì lè kọjá 100 láìtíì jókòó sí i. Ẹ fi ti ọmọ kún un. Lẹ́yìn náà ẹ wá irin pẹlẹbẹ kékeré tí iléeṣẹ́ kàn mọ́ ọkọ̀ nítòsí sítíárìn, iye èèyàn àti kílò tó lè gbé ló wà níbẹ̀, ẹ má sì dáhùn ẹni tó bá ní "àwọn òyìnbó kàn ń bẹ̀rù ni." Páìpù méjì á gbé e bí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ọ̀sà, tí ẹ dín èèyàn kù, tí àga sì wà láàárín gbùngbùn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ máa gba ọ̀nà omi Toché kọjá bọ́ sí adágún Nokoué, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sán ti máa ń ru omi sókè, ẹ ra onípáìpù mẹ́ta. Kẹ́ ẹ sì jìnnà sí àwọn àkájà, igi tí àwọn apẹja gún sínú omi kí ẹja lè kó síbẹ̀, orí igi wọn ti wà lábẹ́ omi tí ẹ ò ní rí i, alúmíníọ̀mù ò sì nípọn tó bẹ́ẹ̀.