Bẹ́ ẹ ṣe máa yan orin ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti Ìlọrin dé Ọ̀ffà

Kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni tó ń tẹ kíbọọ̀dù sọ̀rọ̀ owó, pásítọ̀ tàbí fada ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ní orin kan lórí fóònù tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti ń fẹ́ra yín, tẹ́ ẹ sì ti pinnu pé òun lẹ máa fi wọlé, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ló nilé o, àwọn míì ò ní gbà orin ìfẹ́ lásán rárá, àwọn míì á ní àwọn fẹ́ rí ọ̀rọ̀ orin náà lórí ìwé ná. Tó bá jẹ́ Kátólíìkì lẹ ti fẹ́ ṣe é, tí ọjọ́ náà wá bọ́ sínú Lẹ́ńtì, kò sí Alelúyà nínú Mísà títí dọjọ́ Àjíǹde, ẹ má wulẹ̀ fi í sínú prógíráàmù. Ohun tẹ́ ẹ máa bi wọ́n ò pọ̀: ṣé a lè mú onílù wá, ṣé a lè mú olórin tiwa wá àbí kúáyà yín nìkan, aago mélòó la gbọ́dọ̀ parí. Ìdáhùn yẹn lẹ máa fi yan gbogbo ìyókù.

Ẹ wá pín orin yín sọ́nà mẹ́ta, èyí tí èèyàn máa jókòó gbọ́, èyí tí gbogbo ìjọ máa kọ, àtèyí tí wọ́n máa jó sí. Ohun tó ń jẹ́ kí wẹ́dìn míì tutù kò ju pé wọ́n mú orin tó yẹ kéèyàn gbọ́ wọ́n fi sí ibi tó yẹ kí ìjọ ti kọ ọ́, ni gbogbo èèyàn bá dákẹ́ tí wọ́n ń wo ẹnu kúáyà.

Orin ìwọlé, ti gbígbọ́ nìyẹn. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀, tí kíbọọ̀dù bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí tí gbogbo ilé á dìde, Richard Wagner ará Jámánì ló kọ ọ́ sínú eré olórin rẹ̀ kan, Lohengrin, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1850. Nínú eré yẹn, wọ́n ti so tọkọtìyàwó pọ̀ tán kí wọ́n tó kọ ọ́, wọ́n ń sìn wọ́n lọ sí yàrá ni, ilẹ̀ ò sì mọ́ tí ìgbéyàwó náà fi dàrú, háà! Èyí tí wọ́n fi ń jáde, ti Felix Mendelssohn ni, 1842, òun náà orin eré Shakespeare ni. Ọmọbìnrin Ọbabìnrin Victoria, tóun náà ń jẹ́ Victoria, ló lo méjèèjì nígbà ìgbéyàwó tiẹ̀ ní January 25, 1858, látibẹ̀ ló ti wá ràn dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí rèé tí àwọn fada kan fi máa ń sọ pé orin tíátà ni, pé kò wọ inú Mísà. Èmi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó, orin tó dùn ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní rárá, ẹ má bá wọn jà, ẹ ní kí wọ́n tẹ hymn tó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ ríhásà, kí ìyàwó wọ bàtà gogoro tó máa wọ̀ gan-an, kí bàbá ìyàwó náà wà níbẹ̀, kí wọ́n rìn látẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ kí ẹnì kan fi fóònù wọn àkókò. Ẹ fi ti ọmọ kékeré tó ń da òdòdó kún un o, torí ó lè dúró láàárín ọ̀nà kó máa sunkún, ìyá ẹ̀ á ní láti wá gbé e. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹni tó jókòó nídìí kíbọọ̀dù ju orin inú fláṣì lọ: onítọ̀hún ń wo ìyàwó, ó lè tún ibì kan tẹ̀, ó lè ká a kúrò ńlẹ̀ ní wẹ́rẹ́ tí ìyàwó bá ti dúró. Fláṣì ò mọ ìyẹn, á kàn já lójijì tàbí kó máa lọ nígbà tí pásítọ̀ ti ń la ẹnu.

Àwọn hymn gan-an ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ yàn. Ẹ ẹ̀ rí i, níhìn-ín lọ́dọ̀ wa, ìdílé kan náà ni alhája àti díákónẹ́ẹ̀sì ti ń jáde, àǹtí ọkọ tó wé gèlè jókòó sí bẹ́ǹṣì kejì lè jẹ́ mùsùlùmí, tọkàntọkàn ló sì fi wá. Ẹ mú orin táwọn èèyàn báyẹn náà ti gbọ́ rí, kẹ́ ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta pátápátá, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan, torí nọ́ńbà inú ìwé orin Áńgílíkà kọ́ ni ti CAC, ti Bàtíìsì tún yàtọ̀. Ẹ bi olórí kúáyà léèrè ohùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ níbẹ̀. Ìfẹ́ ọ̀run aláìlẹ́gbẹ́ tí Charles Wesley kọ lọ́dún 1747, ohùn tí wọ́n ń fi kọ ọ́ ju ẹyọ kan lọ, tẹ́ ẹ bá wá láti Ọ̀mù-Àrán tí wẹ́dìn sì jẹ́ ní Táńkẹ́, ìlà kìíní lẹ máa ti pínyà. Kẹ́ ẹ tún ní kí wọ́n rẹ kíì, ìyẹn bí ohùn orin ṣe ga tó, sílẹ̀ jàre. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, ohùn àwọn bàbá ò tíì là, tí ìwé bá ní G, F ti tó. Ẹsẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin náà ti tó, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ méje.

Ti ìgbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ sí ìwé, àwọn èèyàn kì í rántí ẹ̀. Ó máa ń pẹ́, ẹlẹ́rìí kan á ti jáde lọ gba fóònù, wọ́n á máa wá a kiri. Kí kúáyà ní orin méjì nílẹ̀, kí kíbọọ̀dù máa lọ lábẹ́lẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe tán.

Ìdúpẹ́ ni ti ijó, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti tú gángan, àkúbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Orin kéékèèké tí kò nílò ìwé ni, kí ẹnì kan máa dá a kí ìjọ máa gbè é, ẹ to bíi mẹ́fà tẹ̀ léra kó má baà sí àlàfo. Ẹ bá onígángan sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa oríkì. Tí bàbá ìyàwó bá jẹ́ ọmọ Ọ̀ffà tí ó sì gbọ́ "Ìjàkadì lorò Ọ̀ffà" lójú ìlù, ijó ti yàtọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì míì ò fẹ́ oríkì nínú ilé Ọlọ́run, wọ́n ní ìta ni kó ti ṣe é. Ẹ sì kìlọ̀ nípa owó níná, yàtọ̀ sí pé òfin CBN ti 2007 lòdì sí i, onílù tówó ń já lù lórí ò ní dákẹ́ láéláé. Dadakúàdá, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, ní tiẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di gbọ̀ngàn àríyá, èmi náà á jó o níbẹ̀ dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́dọ̀ lo fóònù fún orin kankan, ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ kí ìpè má baà wọlé sínú sípíkà, kí ẹ̀dà orin náà wà lórí fláṣì méjì. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ amúnáwá ṣọ́ọ̀ṣì lè gbé kíbọọ̀dù àti sípíkà pọ̀, kí ẹnì kan sì dúró tì í. Owó kúáyà, ti kíbọọ̀dù àti tonílù, ẹ fi wọ́n sínú àpòòwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ orúkọ sí i, kẹ́ ẹ kó wọn fún àbúrò ọkọ tó lójú tì, kí wọ́n má baà máa fà yín láṣọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ya fọ́tò.