Tẹ́ẹ bá fẹ́ rin ọ̀nà Ògiri Hadrian láti fi wówó fáwọn tó ní sickle cell

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ẹ wà ní UK, ọ̀pọ̀ ìdílé wa ni ọ̀rọ̀ sickle cell kàn gbọ̀ngbọ̀n, torí ẹ̀ tẹ́ẹ bá ń wá ìrìn gidi tẹ́ẹ máa fi kówó jọ fún wọn, Hadrian's Wall Path ni kẹ́ẹ rìn. Máìlì 84 ni, láti Wallsend nítòsí Newcastle dé Bowness-on-Solway, ẹ̀gbẹ́ ògiri táwọn ọmọ ogun Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní ọdún 122 lẹ máa máa gbà lọ. Tẹ́ẹ bá ń rin máìlì 12 lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ kan ni.

Owó la máa kọ́kọ́ sọ o. Owó ọkọ̀, ilé tẹ́ẹ máa sùn, oúnjẹ, ẹ san gbogbo ẹ̀ lápò ara yín, kẹ́ẹ sì sọ ọ́ síta pé kọ́bọ̀ ò ní yọ nínú ohun táwọn èèyàn bá dá. Ẹ lọ yẹ orúkọ ẹgbẹ́ aláàánú tẹ́ẹ fẹ́ fowó náà fún wò lọ́dọ̀ Charity Commission, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń forúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn Gift Aid: ẹni tó bá ń san owó orí ní UK, tó bá dá pọ́n-ùn kan, ìjọba á fi pẹ́ǹsì 25 lé e, àmọ́ àfi kó tíìkì ibi tí wọ́n kọ Gift Aid sí nígbà tó bá ń dáwó, kó sì jẹ́ owó òun fúnra ẹ̀. Ibi tá a ti máa ń pàdánù nìyí, torí a fẹ́ràn kí ẹnì kan gba owó gbogbo ẹgbẹ́ jọ kó wá fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, Gift Aid ò sì ní wọ irú owó bẹ́ẹ̀. Kóníkálukú fi tiẹ̀ ránṣẹ́ fúnra ẹ̀ ẹ jọ̀ọ́.

Bàtà tuntun, ẹ má gbé e lọ síbẹ̀, ẹ ti máa wọ̀ ọ́ rìn kiri látoṣù mélòó kan ṣáájú. Ibi tó bá ti ń ta yín lẹ́sẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ kẹ́ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn kó tó di ìléròrò. Rẹ́ǹkóòtù, omi, páwà bánkì, ó parí.

Tẹ́ni tó ní sickle cell bá fẹ́ bá yín rìn, kó kọ́kọ́ rí dókítà ẹ̀, torí òtútù, àìmumi tó àti àárẹ̀ àṣejù lè gbé crisis, ìyẹn ìrora líle, dìde. Kó má gba àárín ọ̀nà náà, òkè àti òkúta ló pọ̀ níbẹ̀, apá Carlisle ló tẹ́jú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, bọ́ọ̀sì AD122 máa ń ná àárín yẹn, ẹni tó bá rẹ̀ lè wọ̀ ọ́ láìtijú ẹnikẹ́ni.

May sí October ni kẹ́ẹ lọ, torí nígbà òtútù ilẹ̀ máa ń rọ̀, ẹsẹ̀ á wá máa ba nǹkan àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ jẹ́. Ẹ má gun orí ògiri. Tẹ́ẹ bá pọ̀, ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín dípò kẹ́ẹ tò tẹ̀léra, kí koríko má bàa kú lójú kan. Màálù tó bá ní ọmọ, ẹ yà fún un dáadáa.

Nítòsí Burgh by Sands omi òkun máa ń kún bo ojú ọ̀nà, ẹ wo àkókò tí omi máa ń wọlé kẹ́ẹ tó kọjá. Abúlé yẹn gan-an làwọn ọmọ ogun tó wá láti Àríwá Áfíríkà gbé nígbà ayé Róòmù, ẹ ya fọ́tò níbẹ̀ kẹ́ẹ fi sọwọ́ sáwọn ará ilé pẹ̀lú líǹkì tí wọ́n máa fi dáwó, torí ìgbà tí wọ́n bá rí yín lójú ọ̀nà lọ̀pọ̀ wọn máa ń rántí dáwó. Ẹ jẹ́ kí líǹkì yẹn wà ní ṣíṣí fún oṣù kan lẹ́yìn tẹ́ẹ bá dé, kẹ́ẹ sì pe àwọn tó ṣèlérí lọ́kọ̀ọ̀kan.