Wíwá Ọkọ̀ Olùtọrẹ fún Yíyí Ara Ọkọ̀ Àwòṣe Padà

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọkọ̀ àwòṣe kan (ọkọ̀ kékeré oníke tí a ń fọwọ́ tò) tó jẹ́ sàlúùnù di wágọ̀nù, tàbí tó fẹ́ sọ onílẹ̀kùn mẹ́rin di onílẹ̀kùn méjì, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nípa wíwá òrùlé. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Òrùlé kò ṣòro láti gé, bí kò bá sì dọ́gba, a lè fi ike pẹlẹbẹ àti pọ́tì tún un ṣe kí ọ̀dà tó bò ó. Gíláàsì iwájú kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀: ó mọ́ gaara, ó sì tẹ̀ kọrọdọ, gbogbo àbùkù tó bá wà lára rẹ̀ ni ojú yóò sì rí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń wá ọkọ̀ kejì tí ẹ ó gé lára rẹ̀, èyí tí mo ń pè ní ọkọ̀ olùtọrẹ nínú àlàyé yìí, gíláàsì iwájú rẹ̀ àti férémù tó yí i ká ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká fi Chevrolet ọdún 1955 sí 1957 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé oríṣiríṣi ara ni wọ́n ṣe sórí ìwọ̀n ṣáàsì kan náà. Sàlúùnù wà níbẹ̀, hardtop tí kò ní òpó láàárín fèrèsé ẹ̀gbẹ́ wà níbẹ̀, ọkọ̀ olórùlé aṣọ àti wágọ̀nù wà níbẹ̀, títí kan Nomad, tó jẹ́ wágọ̀nù onílẹ̀kùn méjì. Ẹni tó bá fojú lásán wò ó yóò rò pé Nomad àti wágọ̀nù yòókù ni ìbátan, ṣùgbọ́n gíláàsì iwájú Nomad bá ti hardtop àti ti olórùlé aṣọ mu, nígbà tí ti wágọ̀nù yòókù bá ti sàlúùnù mu. Èyí yí iṣẹ́ padà pátápátá. Ẹni tó ní hardtop lọ́wọ́, tó sì fẹ́ ṣe Nomad, lè fi férémù iwájú tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó wá olùtọrẹ fún apá ẹ̀yìn nìkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ sàlúùnù ló fẹ́ fi hardtop yẹn ṣe, ó gbọ́dọ̀ rí olùtọrẹ tí yóò fún un ní férémù iwájú, gíláàsì, òpó àti òrùlé lápapọ̀.

Fọkisiwágìn tí a ń pè ní Ìjàpá náà ní irú ọ̀fìn yìí. Gíláàsì iwájú Ìjàpá tó wọ́pọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ti ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ 1303 tẹ̀ kọrọdọ, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì yàtọ̀ láti bá a mu. Ẹni tó bá ra 1303 olórùlé aṣọ kí ó lè fi sọ Ìjàpá ọdún 1967 di olórùlé aṣọ ti ra ìyọnu.

Lẹ́yìn gíláàsì, ìwọ̀n ló kàn. Ẹ kọ ìwọ̀n ọkọ̀ gidi sílẹ̀ kí ẹ tó ná owó kankan, ti ẹ̀dà tí ẹ ní àti ti ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ ṣe. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àlàfo táyà, ìyẹn láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, nítorí pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ a máa yí i padà láti ara kan sí òmíràn láìjẹ́ pé ojú fura. Àlàfo táyà Píjò 504 sàlúùnù jẹ́ mílímítà 2740, ti wágọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 2900, ti coupé rẹ̀, ìyẹn onílẹ̀kùn méjì, sì jẹ́ 2550. Bí a bá pín wọn sí 24 fún àwòṣe 1/24, níbi tí mílímítà kan ti dúró fún 24 lára ọkọ̀ gidi, a ó rí 114.2, 120.8 àti 106.3. Ìyàtọ̀ tó lé ní mílímítà 6 láàárín sàlúùnù àti wágọ̀nù túmọ̀ sí pé òrùlé nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ ọkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn sí i pẹ̀lú. Ní ti coupé, Pininfarina ló ya ara rẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí ti sàlúùnù pátápátá, nítorí náà ẹ má tilẹ̀ fojú sí i.

Ìwọ̀n kan ṣoṣo sì lè tanni jẹ. Wágọ̀nù 504 tí wọ́n bá ṣe ní 1/25 yóò ní àlàfo táyà mílímítà 116, èyí tó sún mọ́ 114.2 ti sàlúùnù 1/24 débi pé ẹni tó ń fi rúlà wọn fọ́tò lè rò pé wọ́n bára mu. Fífẹ̀ ni yóò tú àṣírí: sàlúùnù náà fẹ̀ tó mílímítà 1690, tó di 70.4 ní 1/24 àti 67.6 ní 1/25. Òrùlé tó fi bíi mílímítà 3 kéré yóò jókòó sórí ọkọ̀ yín bí fìlà ọmọdé lórí àgbàlagbà.

Ọ̀rọ̀ 1/24 àti 1/25 yìí kò ṣeé yẹra fún, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ àwòṣe Tamiya, Fujimi àti Aoshima ti Jàpáànù sábà máa ń lo 1/24, nígbà tí AMT àti MPC ti Amẹ́ríkà sábà máa ń lo 1/25. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàárín wọn. Lórí ìjókòó, ẹ́ńjìnì tàbí táyà, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Lórí òrùlé, férémù àti gíláàsì, gbogbo ayé ni yóò mọ̀. Ẹ má sì gba nọ́ńbà ara páálí gbọ́ lójú ẹsẹ̀, pàápàá lórí kíìtì (páálí ẹ̀yà tí a kò tíì tò) àtijọ́, nítorí pé wọ́n ti máa ń ṣe àwọn mìíràn kí wọ́n lè wọ inú páálí tó wà nílẹ̀. Rúlà ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ibi tí mo ti máa ń kọ́kọ́ wá olùtọrẹ ni àárín àwọn ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti tò láìdára, èyí tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè ní glue bomb. Owó wọn kì í wọ́n, kò sì dunni láti fi ayùn kàn wọ́n. Ọ̀dà tó nípọn lára wọn kò tó ohun ìbẹ̀rù, nítorí pé ọtí isopropyl a máa bó ọ̀pọ̀ ọ̀dà kúrò lára ike styrene bí a bá rì í sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara sin. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni òpó iwájú méjèèjì, bóyá wọ́n ti ṣẹ́ rí, àti gíláàsì, bóyá gúlù ti sọ ọ́ di funfun bíi kùrukùru. Ẹ wo ibi tí táyà ti fara kan ike pẹ̀lú: òróró inú táyà vinyl àtijọ́ a máa jẹ styrene díẹ̀díẹ̀, bí táyà bá sì ti sùn lórí gíláàsì nínú páálí fún ọdún púpọ̀, gíláàsì náà ti bàjẹ́.

Kíìtì tí ẹ̀yà rẹ̀ kò pé ni mo fi ṣe ìkejì. Bí ẹ́ńjìnì, táyà tàbí ìwé ìtọ́nà rẹ̀ bá ti sọnù, iye rẹ̀ yóò wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara àti gíláàsì tí ẹ ń wá lè wà níbẹ̀ láìní àbùkù. Àwọn ọkọ̀ ìpolówó tí wọ́n ń fún àwọn oníbàárà ilé ìtajà ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un tún jẹ́ orísun àwọn ara tí kò sí nínú kíìtì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tó jáde láàárín ọdún 1950 sí 1959 jẹ́ ti acetate, ike tó máa ń súnkì, tó sì máa ń tẹ̀ bó ṣe ń gbó. Òrùlé tó ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní gba gíláàsì mọ́.

Ara tí wọ́n fi resin, ike olómi tó máa ń gan, dà tún wà, ó sì lè gba yín lọ́wọ́ gígé pátápátá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi ẹni tó ń tà á: gíláàsì kíìtì wo ló wọ inú rẹ̀? Bí kò bá lè dáhùn, a jẹ́ pé ẹ̀yin ni yóò máa wá gíláàsì kiri. Fáìlì tí a ń fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀ ní àǹfààní kan tí ìyókù kò ní, nítorí pé ohun tí wọ́n yà fún 1/24 yóò di 1/25 bí ẹ bá dín in kù sí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ àwòṣe onírin kò wúlò púpọ̀ fún òrùlé, torí pé irin kì í gbọ́ràn sí ayùn kékeré. Ìjókòó àti dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ẹ rántí pé ohun tí olùtọrẹ fi ṣe ni yóò sọ irú gúlù tí ẹ ó lò. Gúlù olómi fún styrene a máa yọ́ ike méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò rí resin tàbí irin ṣe. Super glue tàbí epoxy ni wọ́n fẹ́. Nítorí náà, bí àǹfààní bá wà, ẹ jẹ́ kí styrene bá styrene pàdé. Bí ẹ bá sì ń fi sáńpépà fá resin, ẹ fi omi sí i, kí ẹ sì bo imú, nítorí pé eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Bí ẹ bá ń rà á láti ọ̀nà jíjìn, ẹ bẹ olùtajà pé kí ó gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ó dúró sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó ya fọ́tò, nítorí pé kámẹ́rà tó súnmọ́ jù máa ń sọ àárín di ńlá. Ẹ gba fọ́tò apá ọ̀tún, apá òsì, òkè, àti abẹ́ òrùlé. Mo ti ra wágọ̀nù kan rí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́wà nínú fọ́tò. Nígbà tó dé, òpó iwájú apá kejì ti ṣẹ́, wọ́n sì ti fi gúlù mọ ọ́n padà. Mi ò bèèrè fọ́tò apá kejì, ẹ̀bi mi ni.

Inú ọkọ̀ náà máa ń yí padà, bí àwọn èèyàn tilẹ̀ máa ń gbàgbé. Ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ olórùlé aṣọ kì í sábà fẹ̀ tó ti sàlúùnù, torí pé irin tó gbé aṣọ náà gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wágọ̀nù sì nílò ilẹ̀ ẹrù. Bí olùtọrẹ bá ní èyí, ẹ gbà á pẹ̀lú òrùlé.

Nígbà tí ọkọ̀ méjèèjì bá ti wà lórí tábìlì, ẹ má tíì gbé ayùn. Ẹ fi téèpù sàmì sí ibi tí ẹ ó gé lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àmì náà wà níbi tí òpó ti nípọn, kí ó sì fi mílímítà méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ fún fífá. Ẹ wá mú gíláàsì iwájú tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ gbé e sínú férémù tí ẹ pinnu láti fi sílẹ̀. Bí ó bá jókòó síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fipá tẹ̀ ẹ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí gé.