Ilé ní London, onílé ní Àkúrẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí owó orí àti ìnáwó ọdọọdún

Àwọn tó ń gbé Àkúrẹ́ àti Òndó, tí wọ́n ní ilé tàbí fúláàtì ní ilẹ̀ England, ló ni àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Àwọn kan rà á nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, àwọn mìíràn jogún rẹ̀. Bí ilé bá ṣófo ní àdúgbò Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́, koríko ló máa ń kọ́kọ́ hù níbẹ̀. Bí ó bá ṣófo ní London, gbèsè ni. Lẹ́tà tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ẹnì kankan kò ṣí, ló sì ń bí púpọ̀ nínú gbèsè náà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ayálégbé mi ti kó jáde láti oṣù mẹ́jọ. Mo rò pé ilé tí kò séèyàn nínú rẹ̀ kì í san Council Tax, owó orí ilé tí káńsù (ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀) ń gbà. Ẹ̀gbọ́n mi lọ wo ilé náà, ó bá ìwé ilé ẹjọ́ nílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹni tó ń gbé inú ilé ló ń san Council Tax. Ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ bá parí tó sì kó jáde, ọrùn onílé ló bọ́ sí. Bí ilé bá wá pẹ́ lófìífo, owó náà lè ga sí i. Láti April 2024, káńsù lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì bí ilé tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀ bá ti ṣófo fún ọdún kan. Bí ó bá pé ọdún márùn-ún, ìlọ́po mẹ́ta. Bí ó bá pé ọdún mẹ́wàá, ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn kan máa ń kó àga àti bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀ kí wọ́n lè bọ́. Ọ̀nà yẹn ti dí: láti April 2025, káńsù lè gba ìlọ́po méjì lórí ilé kejì tó ní ẹrù tí ẹnikẹ́ni kì í gbé. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa rà á tàbí tó máa yá a lóòótọ́, ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ àfikún náà fún ìwọ̀n ọdún kan. Ìwé ìpolówó láti ọ̀dọ̀ ejẹ́ǹtì ni ẹ̀rí tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé kóòtù nìyí. Bí wọn kò bá rí owó oṣù kan, wọ́n á kọ lẹ́tà ìránnilétí, wọ́n á fún yín ní ọjọ́ méje. Bí ẹ kò bá dáhùn, ẹ̀tọ́ láti máa san án díẹ̀díẹ̀ á bọ́, gbogbo owó ọdún náà á di sísan lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìpè kóòtù, lẹ́yìn rẹ̀ àṣẹ kóòtù tí wọ́n ń pè ní liability order, àwọn tó ń gba gbèsè á sì wọ̀ ọ́. Gbogbo ìwé yìí, ilé tó ṣófo ni wọ́n ń kó o lọ.

Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí káńsù lónìí. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà, ọjọ́ gan-an tí ayálégbé kó jáde, àdírẹ́sì tó lọ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀dà àdéhùn ilé, àti àdírẹ́sì yín ní Àkúrẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ya iye owó náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tó jẹ́ owó orí, èyí tó jẹ́ owó kóòtù. Bí wọ́n bá ti gba àṣẹ kóòtù tán, ẹ ṣì lè bá wọn ṣe àdéhùn sísan díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kò bá tọ́, ẹ kọ̀wé takò ó. Bí oṣù méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ gbé e lọ sí Valuation Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ Council Tax. Wọn kì í gba owó níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo onílé tó wà lókè òkun ti ṣe: ẹ fi fọ́ọ̀mù COG1 yí àdírẹ́sì yín padà ní HM Land Registry, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ onílé sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n gba àdírẹ́sì mẹ́ta fún onílé kan. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí lẹ́tà lè dé, ó lè jẹ́ ní Nàìjíríà, ìyókù lè jẹ́ ímeèlì. Bí ojúlé yín kò bá ní nọ́ńbà tó dúró ṣinṣin, àpótí ìfìwéránṣẹ́ dára ju “lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì” lọ. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Property Alert wọn pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ lòun náà. Wọ́n á fi ímeèlì ta yín lólobó bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kan orúkọ tó wà lórí ilé náà. Ilé tó ṣófo ni àwọn oníjìbìtì ń wá.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ejẹ́ǹtì mi ń yọ ìdá márùn-ún owó ilé mi kó tó fi í ránṣẹ́?

Ìdáhùn: Òfin ló pàṣẹ fún un. Onílé tó bá ń gbé òkè òkun fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, ejẹ́ǹtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ 20% ránṣẹ́ sí HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba Britain, lẹ́yìn tó bá ti yọ ìnáwó tí òun fúnra rẹ̀ san lórí ilé náà. Bí kò bá sí ejẹ́ǹtì, tí owó ilé sì ju £100 lọ lọ́sẹ̀, ayálégbé fúnra rẹ̀ ni yóò yọ ọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Owó ilé £12,000 lọ́dún. Ejẹ́ǹtì gba £1,200, ó san £800 fún àtúnṣe àti ìwé ẹ̀rí gáàsì. Ó ku £10,000, HMRC á gba £2,000. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìlú Britain, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí £12,570 tí owó orí kò kàn, nítorí náà bí ẹ kò bá ní owó mìíràn tó ń wọlé níbẹ̀, gbogbo £2,000 yẹn ni ẹ lè gbà padà.

Fọ́ọ̀mù NRL1 ni ẹ ó fi tọrọ kí wọ́n máa fi owó ilé ránṣẹ́ láìyọ nǹkan kan. Bí tọkọtaya bá jọ ni ilé, kálukú ló máa kọ tirẹ̀. Ẹ má ṣì í gbọ́ o: ìwé àṣẹ yìí kò pa owó orí rẹ́. Àwọn tó rò bẹ́ẹ̀ ni ìtanràn ń bá lọ́dún kejì, ọdún kẹta.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kọ ìwé owó orí mi lórí ẹ̀rọ HMRC, mi ò rí ibi tí màá ti sọ pé Òndó ni mò ń gbé.

Ìdáhùn: Kò sí níbẹ̀. Ojú ewé àwọn tí kì í gbé Britain, tí wọ́n ń pè ní SA109, ni ẹ nílò, ètò ọ̀fẹ́ HMRC kò sì gbé e. Ẹ ra software tó gbé e, kí ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di January 31, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kó dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di October 31. Ẹ ro ti bí lẹ́tà ṣe ń pẹ́ lọ́nà láti ibí mọ́ ọn. Bí ó bá fi ọjọ́ kan pẹ́, ìtanràn £100 ni, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, £10 lójúmọ́ títí dé £900.

Bí ẹ bá yá owó ra ilé náà, ẹ má yọ owó tí ẹ fi ń san gbèsè padà kúrò nínú èrè. Èlé orí rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, 20% rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi dín owó orí kù.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n san £6,000 fún òrùlé fúláàtì wa. Ṣé dandan ni?

Ìdáhùn: Bí ìpín ẹnì kan nínú iṣẹ́ bá máa ju £250 lọ, ẹni tó ni ilẹ̀ tí fúláàtì yín wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí gbogbo yín, kí ó sì fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti sọ tẹnu yín, ẹ̀ẹ̀mejì. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, £250 nìkan ló lè gbà lọ́wọ́ yín, àyàfi tí First-tier Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilé, bá yọ̀ǹda. Ẹ béèrè ẹ̀dà àwọn lẹ́tà náà. Bí iṣẹ́ bá sì ti lé ní oṣù méjìdínlógún kí wọ́n tó béèrè owó rẹ̀, tí wọn kò kọ̀wé ta yín lólobó láàárín ìgbà náà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́. Ẹ san èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú service charge (owó ìtọ́jú ilé tí gbogbo onífúláàtì jọ ń san), ẹ kọ̀wé takò ìyókù, nítorí gbèsè service charge lè gba fúláàtì lọ́wọ́ èèyàn.

Ìbéèrè: Páìpù bẹ́ nígbà òtútù, iléeṣẹ́ ìbánigbófò kò sanwó.

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ àdéhùn ìbánigbófò máa ń dín kù bí ilé bá ti ṣófo fún ọgbọ̀n tàbí ọgọ́ta ọjọ́. Omi tó bá dì a máa wú, á fọ́ páìpù. Bí yìnyín bá yọ́, ilé á kún. Kí òtútù tó dé, kí ẹnì kan ti omi pa níbi tó ti ń wọlé, kí ó sì tú èyí tó wà nínú páìpù dànù. Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ náà pé ilé ṣófo, kí ẹ sì máa kọ ọjọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò sílẹ̀.

Ìbéèrè: Tí mo bá tà á ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọgọ́ta ọjọ́ péré ni ẹ ní láti ìgbà tí títà parí láti jẹ́ kí HMRC mọ̀, kódà bí ẹ bá pàdánù. Owó orí lórí èrè jẹ́ 18% tàbí 24%. Bí ẹ bá ti ní in ṣáájú April 2015, iye rẹ̀ ní oṣù náà ni ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, nítorí náà ẹ gba ìwé iye ilé lọ́dọ̀ surveyor, ẹni tó ń díwọ̀n iye ilé, kí ẹ tó tà.

Ìbéèrè: Ṣé Nàìjíríà náà yóò gba tirẹ̀?

Ìdáhùn: Olùgbé Nàìjíríà ni yín. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 ń wo owó tó ń wọlé fún olùgbé nílé àti lókè òkun. Àmọ́ àdéhùn wà láàárín Nàìjíríà àti Britain láti 1987, kí wọ́n má baà gba owó orí kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí ẹ san lọ́hùn-ún ni wọn yóò yọ kúrò nínú tibí. Ẹ mú ìṣirò tí HMRC fún yín àti rìsíìtì ìsanwó lọ sí ọ́fíìsì ODIRS, àwọn tó ń gba owó orí fún Ìpínlẹ̀ Òndó, ní Àkúrẹ́ kó tó di March 31. Ohun kan máa ń da ìṣirò rú: ọdún owó orí tiwọn máa ń parí ní April 5, tiwa ní December 31. Ẹ kọ owó ilé àti ìnáwó sílẹ̀ lóṣooṣù, kó lè rọrùn láti pín in sí ọdún méjèèjì.